Ohùn Màmá Nínú Orin Kẹrin

Èmi ni olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Carrollton, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti kọrin lábẹ́ mi yóò sọ fún yín pé ẹnu mi mú. Bí akọrin bá pẹ́ dé, mo máa sọ ọ́ lójú rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá wọ́, mo máa dá orin dúró, mo máa ní kó tún un kọ lójú gbogbo èèyàn. Ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí mi, ó ní ìyá tó bí òun lọ́mọ gan-an kò bá òun wí tó bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ẹnìkan wà tí mi ò lè la ẹnu sọ òtítọ́ fún, kì í ṣe pé mo jẹ́ onítìjú èèyàn. Ẹni náà ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí ni, òun ló sì fi iṣẹ́ tí mo ń ṣe lé mi lọ́wọ́.

Màmá la máa ń pè wọ́n. Gbogbo ìjọ ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, títí kan pásítọ̀. Wọ́n wá sí Dallas láti wá wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ wọn obìnrin, bí ọ̀pọ̀ ìyá ṣe máa ń wá. Ọmọ kan di méjì, méjì di mẹ́ta, ìwé ìgbélùú jáde, ọkọ wọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà náà sì tẹ̀lé wọn dé. Bí Màmá àti Bàbá ṣe di ará Cedar Hill nìyẹn. Nígbà tí ìjọ wa ṣì jẹ́ èèyàn méje nínú pálọ̀ pásítọ̀, tí kò sí dùùrù, tí kò sí ìlù, Màmá ló ń lé orin tí àwọn yòókù ń gbè. Kí a tó háyà ilé tí a ń lò báyìí, èyí tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin ti wà, Màmá ló sì dá a sílẹ̀. Èmi kàn wá bá a níbẹ̀ ni. Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí Màmá lè dúró pẹ́ mọ́, wọ́n pè mí síwájú, wọ́n ní kí n máa darí, wọ́n sì lọ jókòó sáàárín àwọn olóhùn òkè.

Nígbà tí a pinnu láti ṣe àwo orin wa àkọ́kọ́, kálukú ló ní ohun tó ń fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí ìlù rinlẹ̀ bíi ti Èkó. Pásítọ̀ fẹ́ kí àdúrà kékeré wà níbẹ̀rẹ̀, a sì mọ pásítọ̀ wa, àdúrà kékeré rẹ̀ kì í kéré. Àwọn onílù fẹ́ kí fọ́tò àwọn wà lẹ́yìn àwo, bẹ́ẹ̀ orí fóònù ni àwo tí à ń sọ yìí máa wà, kò lẹ́yìn, kò níwájú. A jà, a parí ẹ̀, a tún jà. Màmá ò sọ nǹkan kan títí ìpàdé fi fẹ́ parí. Wọ́n wá ní ohun kan ṣoṣo làwọn ń fẹ́, pé kí orin àwọn wà níbẹ̀, káwọn sì fi ohùn ara wọn lé e.

Gbogbo wa la mọ orin náà. Màmá ló ṣe é fúnra wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ní ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ wọn kejì ló kú sí ọsibítù, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, ẹ̀yìn wọn ṣófo, ọ̀já ọmọ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnu ìrìn yẹn ni orin náà ti bọ́ sí wọn lẹ́nu. Kò gùn, kò sì le: bí ilẹ̀ bá ṣú mi sọ́nà, má jẹ̀ẹ́ kí n dá rìn, ìwọ tó mọ ibi tí mo ti ń bọ̀, bá mi délé. Bí Màmá bá ti lé e lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tí wọn ò mọ ìtàn rẹ̀ rárá á máa nu ojú.

Wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ fún wa lọ́jọ́ ìpàdé náà. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá. Gbogbo ohun tí mo ń bá wọn sọ, wọn ò ní rántí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti lọ, tí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi, wọ́n á mọ̀ pé grandma àwọn nìyí. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Gbogbo wa ní á rí bẹ́ẹ̀, a ṣàmín, a sì kọ orúkọ orin náà sílẹ̀ ṣìkẹrin.

Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí dókítà rí kókó kan ní ọ̀fun Màmá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ ọ́, a dúpẹ́. Nígbà tí Màmá padà sí ìdánrawò, a fi ìyẹ́sí gbà wọ́n, a ní kí wọ́n lé orin kan kí a fi mọ̀ pé wọ́n ti dé. Wọ́n la ẹnu. Ohùn jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó lọ sí ọsibítù. Ó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, bí ó bá sì fẹ́ gòkè, á dúró sí agbede méjì, á wá já bọ́. Onídùùrù wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀.

A gbà pé ó máa padà bọ̀ sípò. Nọ́ọ̀sì ni mí, níbi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, mo sì mọ̀ dáadáa pé ohun mìíràn wà tí kì í padà sípò. Síbẹ̀ mo ń bá wọn ṣe é. A fa orin náà wálẹ̀, ìgbà tí kò gbọ́, a tún fà á wálẹ̀ sí i, títí àwọn ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ fi ń kọrin bí ẹni tó wà nínú kànga. Mo ní kí onílù máa lù ú gidi bí Màmá bá ti dé ibi gíga. Mo ní kí onídùùrù máa bá wọn tẹ orin náà gan-an, kí etí lè rí nǹkan gbá mú. Èmi tí mo ń lé awakọ̀ akẹ́rù kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí ohùn tó wọ́ díẹ̀, èmi náà ni mo ń pàtẹ́wọ́ fún Màmá, tí mo ń ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ẹ máa rò pé ó yẹ kí n kàn sọ ọ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìbàdàn, bí ìyá àgbà bá da iyọ̀ kún ọbẹ̀ jù, omi là ń mu, a kì í sọ̀rọ̀. Mo lọ bá pásítọ̀ pé òun ni kó sọ ọ́. Pásítọ̀ ní Màmá ló fún òun àti ìyàwó òun lóúnjẹ nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dé ìlú yìí, báwo lòun ṣe fẹ́ wo ojú wọn. Ó ní kí n lọ fi ọgbọ́n ṣe é. Mo lọ bá ọmọ Màmá obìnrin, mo ń yí ọ̀rọ̀ po, mo ń bi í léèrè bóyá dókítà ò ní kí Màmá sinmi. Ó ní orin nìkan ló kù tó ń dùn mọ́ ìyá òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí gbogbo wa ṣe mọ̀ nìyẹn, tí kò sì sí ẹni tó sọ.

Sítúdíò tí a lò wà ní Addison, kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbéra, a óò dúró, a óò máa wo òkè àjà bí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, nígbà tó bá lọ tán a óò tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ni ibẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí òun náà sí, ó sì ní sùúrù ju èmi lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan la fi pe Màmá. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀ wá, pẹ̀lú gèlè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa rí wọn àfi ẹ̀rọ. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé báàgì Màmá àti omi gbígbóná sí orí ẹsẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀méje ni Màmá kọ orin náà. Lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n bọ́ gèlè. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ni òógùn bò wọ́n, wọ́n sì di igi máìkì mú. Mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì, inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Kókó ọ̀fun ni, tàbí dókítà, tàbí Màmá fúnra wọn tí wọn ò rí i pé ó ti tó. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n jáde wá bá mi, wọ́n sún mọ́ mi kí ọkùnrin yẹn má baà gbọ́, bẹ́ẹ̀ kò kúkú gbọ́ Yorùbá.

"Ṣé ó dára?" wọ́n bi mí.

Wọn ò fi ṣe eré. Wọ́n wo ojú mi gan-an, wọ́n dúró de ìdáhùn. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn, gbayawu, kí n gba ibẹ̀ kọjá. Bí mo bá ní kò dára, bóyá wọn ì bá ní kí n fi ohùn àwọn sí ìlà kan péré, tàbí kí wọ́n kàn sọ ọ̀rọ̀ orin náà láì kọ ọ́. Ọ̀nà wà. Mo ti ronú kan ọ̀nà mẹ́wàá láti ìgbà yẹn.

"Ó dára gan-an, mà," mo dá wọn lóhùn.

Wọ́n gbàdúrà fún mi. Bàbá bá wọn wọ kóòtù, wọ́n sì lọ.

Ọkùnrin onísítúdíò bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún ìyá náà. Ó ní wọ́n sọ fún ìyá ìyá òun ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn pé ó ti tó àkókò láti jókòó, ó jókòó, ó bínú lọ́sẹ̀ méjì, ó sì parí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò lè yé e, pé ní ilẹ̀ tiwa, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, bí ẹni pé ìwà ọmọlúàbí ni mo ń kọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo pe ọmọbìnrin apoògùn kan nínú ẹgbẹ́ wa wá. Ìlú yìí ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ ń dún bíi ti ará Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi àmù. Mo ní kó kọ orin kẹrin fún mi. Ó dúró. "Auntie, ṣé Màmá mọ̀?" ó bi mí. Mo ní Màmá mọ̀, pé àwọn gan-an ló ní kí n pè é. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dùn, mi ò ní purọ́. Ìyẹn gan-an ló wá bà mí nínú jẹ́, pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Irọ́ ò ṣeé pa ní ẹyọ kan. Nígbà tí a ti fi ohùn ọmọbìnrin náà sí ibi tí Màmá ti lé orin, mo gbọ́ Màmá nínú ègbè, láàárín àwọn olóhùn òkè, ohùn yẹn ń gbọ̀n, ó ń yọ jáde láàárín ti àwọn yòókù. Mo ní kí ọkùnrin náà yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ náà. Nígbà tó yọ ọ́, ìlà kejì ègbè wá ṣófo, nítorí àwọn olóhùn òkè yòókù, Màmá ni wọ́n máa ń gbára lé níbi tó ga jù. Ni mo bá bọ́ sẹ́yìn máìkì fúnra mi, mo fi ohùn tèmi dí àlàfo náà. Ọkọ̀ òfuurufú kan ń gbéra, mo dúró kó lọ, mo wá kọ ọ́.

Mo tún ṣe ohun kan kún un. Mo mọ ìjọ wa. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó jáde. Mo rò ó pé lọ́jọ́ kan ẹnìkan á dé sítúdíò yẹn, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn Màmá, á wá hàn sí gbogbo ayé bó ṣe rí. Mo ní kí ọkùnrin náà pa gbogbo ohun tí Màmá kọ rẹ́. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí òun ṣe é, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òun, kó má di ẹjọ́. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí mo kọ ímeèlì náà, mo fi oúnjẹ ọ̀sán mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn mi. Ó dá mi lójú lọ́jọ́ yẹn pé iyì Màmá ni mo ń dáàbò bò.

Ọjọ́ tí a ṣe ìyàsímímọ́ àwo náà, ilé kún. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé àwọn orin náà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń jó, a ń ṣọpẹ́. Nígbà tí pásítọ̀ pe orin kẹrin, gbogbo èèyàn yíjú sí Màmá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìlà àkọ́kọ́, ìpàtẹ́wọ́ náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé kì í ṣe ohùn Màmá. Ọmọbìnrin apoògùn náà wo ojú Màmá, ó wá wo ojú mi, ó sì yé e pé mo purọ́ fún òun. Ó bo ojú rẹ̀.

 Màmá kọ́kọ́ jókòó, wọ́n tẹ́tí, bí ẹni tó ń retí pé òun á wọlé tó bá yá. Ọmọ ọmọ wọn obìnrin, èyí tó dàgbà jù, tó ń lọ bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, fọwọ́ tọ́ wọn. "Grandma, which one is you?" ó bi wọ́n. Ohùn rẹ̀ ròkè, gbogbo wa la gbọ́.

"All of us," Màmá dá a lóhùn. "Gbogbo wa ni." Wọ́n wá dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n jó díẹ̀, wọ́n sì jókòó padà.

Mo ti ṣètò irọ́ tí mo máa pa. Mo ti fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, pé ohùn wọn ni kò wọlé dáadáa. Mo gbé e sẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n Màmá ò béèrè. Wọ́n ń wá sí ìdánrawò bí wọ́n ṣe ń wá tẹ́lẹ̀, wọ́n jókòó sáàárín àwọn olóhùn òkè, wọ́n sì ń ṣí ìwé. Wọn ò kọrin mọ́. Nígbà tí ẹnìkan béèrè, wọ́n ní dókítà ní kí àwọn sinmi ohùn. Mo mọ̀ pé kò sí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kúnlẹ̀ fún mi ni, Màmá tó tó bí mi, wọ́n ń wá àwáwí sílẹ̀ fún mi kí ojú má baà tì mí.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyàsímímọ́ náà ni kókó yẹn padà wá, kò sì dá wá. Mo lọ wo Màmá ní ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́, mo ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ka ohun tó wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ń sinmi, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti lọlẹ̀. Ohùn wọn kò ju ìmí lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọbìnrin yẹn kọ orin mi dáadáa."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Wọ́n ń wò mí. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo mọ̀ ọ́n, omijé ti kún ojú mi, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti tò sí mi lẹ́nu: ẹ forí jì mí, mo purọ́ fún yín, mo sì ti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní mi ò ní fi ẹ̀ṣẹ̀ mi yọ wọ́n lẹ́nu lórí àìsàn. Mo tún ìrọ̀rí wọn ṣe. Mo yẹ omi tó ń kán sí wọn lára wò, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, wọ́n ti sùn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n lọ, ní òwúrọ̀ kan tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà Dallas, tí ọmọ wọn ò lè tètè dé ibẹ̀.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú kí Bàbá tó pè mí. Wọ́n ní bí mo bá ráyè, kí n yà sọ́dọ̀ àwọn ní Cedar Hill, fóònù ń yọ àwọn lẹ́nu. Mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Bàbá jókòó sí ìdí tábìlì oúnjẹ, wọ́n gbé ohun ìgbọ́rin ọmọ ọmọ wọn sórí, èyí aláwọ̀ ewé, tó ń bo etí méjèèjì. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó. Kò sí ohun tó ṣe fóònù.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ," wọ́n sọ fún mi. "Orin kẹrin yẹn. Mo mọ̀ pé ọmọbìnrin yẹn ló lé e, ìyàwó mi sọ fún mi. Ó ní inú ègbè lẹ fi òun sí, pé kí n fara balẹ̀, màá gbọ́ òun níbẹ̀. Mo ti fara balẹ̀, mi ò rí i. Etí mi ò dá ṣáká mọ́. Ìwọ lo mọ orin. Bá mi wá a, jọ̀ọ́."

Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá Màmá gbà lóòótọ́ pé àwọn wà nínú ègbè, tàbí wọ́n mọ̀, tí wọ́n kàn fi sọ fún ọkọ wọn kí Bàbá má baà bá mi bínú. Méjèèjì ló burú fún mi. Bàbá bọ́ ohun ìgbọ́rin náà, wọ́n nà án sí mi. Mo gbé e sórí, mo sì tẹ́tí bí ẹni tó ń wá nǹkan, nígbà tí mo mọ̀ pé èmi ni mo ju nǹkan náà nù. Mo gbọ́ orin náà tán lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí wọ́n tún un gbé, kí n lè ráyè ronú.

Mo ti búra, lẹ́yìn ọsibítù, pé bí mo bá tún rí irú àyè bẹ́ẹ̀, màá sọ. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Bàbá ń wo ẹnu mi bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de èsì ìdánwò, tíṣà àgbà yìí, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí tábìlì. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún pé kò sí, pé kò sí níbì kankan, pé ẹ má wá a mọ́?

"Ibí yìí ni, sà," mo ní. Mo dá orin náà padà sí ìlà kejì ègbè, mo gbé ohun ìgbọ́rin náà sí wọn létí, mo sì na ìka sókè nígbà tó dé ibi tí mo fi ohùn tèmi dí. "Èyí tó wà lókè pátápátá yẹn."

Bàbá di ojú. Mo rí ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Èjìká wọn wálẹ̀. "Òun nìyẹn," ni wọ́n ní. "Ìyàwó mi nìyẹn. Ohùn rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n tún un gbé, mo tún un gbé. Wọ́n wá kígbe pe ọmọ ọmọ wọn obìnrin yẹn láti òkè pétẹ́ẹ̀sì, wọ́n bọ́ ohun ìgbọ́rin náà, wọ́n fi sí i lórí. Ọmọ náà tẹ́tí, ó káwọ́ mọ́ra, kò mira.

"That's Grandma?" ó bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní kí n fi ibẹ̀ gan-an hàn òun lórí fóònù òun, kí òun lè máa gbọ́ ọ. Mo fi hàn án. Mo gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu.

Kò sí ẹni tí mo sọ fún. Láti ìgbà náà, ọmọ yẹn kì í jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Iwájú ló máa ń jókòó, lọ́dọ̀ Bàbá, nítòsí àwa akọrin. Ó mọ ohùn yẹn báyìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí a bá ń kọ orin Màmá, tí a bá ti dé ìlà kejì ègbè, mo máa ń pa ẹnu mi dé, mo sì ń fi ọwọ́ nìkan darí wọn.